Ìgò Àlùbọ́sà

Máńgòrò gbígbẹ lọkọ fẹ́ràn. Bó bá ti kù díẹ̀ kó dé láti ibi tó ti ń fọ́ òkúta, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá tó bí i á gé máńgòrò pẹlẹbẹ, wọ́n á sá a sórí àtẹ, wọ́n á fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àlùbọ́sà nìkan ni ìyá ń gé. Àràárọ̀ ni omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Mama, ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí? Ìgò kẹsàn-án rèé o."

"Ọmọ inú rẹ ni. Bó ṣe ń ta ọ́ nípàá yẹn, wọ̀bìà gidi ni."

"Ẹ jẹ́ n bá yín gé díẹ̀ nínú ẹ̀."

"Gbájú mọ́ máńgòrò rẹ. Bí ẹyọ kan tí ò gbẹ bá wọnú ìgò, gbogbo ẹ̀ ló máa bu. Ìwọ ṣáà bímọ ní àlàáfíà ná."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ti wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí àkàbà, wọ́n ti sin ín, àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló sì fà á. Àìfarabalẹ̀! Àkàbà tí ọkọ rẹ̀ ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mẹta pé ó ti bàjẹ́! Wọn ò tiẹ̀ dá aago ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ó wù ú kó pariwo síta. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní nǹkan kan ò gbọdọ̀ já ìyá láyà, ọkàn rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé ẹyín iná. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó ń gé máńgòrò rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ pé ìyá ò béèrè ìdí tí ọmọ rẹ̀ kò fi pè mọ́. Ilé ìwẹ̀ ló ti ń sunkún, á kọ́kọ́ ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ké sí i láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìyàwó, bọ́ aṣọ ọrùn ẹ wá kí n bá ẹ fọ̀ ọ́!"

"Mò ń bọ̀, Mama!"

Lẹ́tà ńkọ́? Ó wo ibi ìkó-nǹkan-sí lókè pátápátá. Ìgò àlùbọ́sà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, èyí tí ìyá dì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ta ló máa ṣí i? Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí i, ó sì ti lẹ́tà náà bọ inú àlùbọ́sà gbígbẹ títí dé ìsàlẹ̀.

Aago ọkọ rẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ bà níbẹ̀, tí a fi lẹ́tà kan wé, tó bá tirẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀, àfi pé orúkọ ìyá ni wọ́n kọ sí i.