Marash àti Kọfí Ẹ̀bẹ̀

Marash ọmọ Mrika kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ wúwo o. Ẹnu náà ni ó fi ń mu ọtí, òun ni ó fi ń bú ewúrẹ́ oníwúrẹ́, òun náà ni ó fi ń súfèé bí ó bá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bọ̀ láti orí òkè Lugaj, abúlé wọn ní Albania. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ ènìyàn, ẹnu a di. Bí Marash bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò bá wí pé kí ló ń wá lábẹ́ bàtà òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọtí rákíà ti yó o bámúbámú. Ó wa ọkọ̀ lu ògiri òkúta tí ó yí ọgbà Ìyá Dila ká. Opó ni Ìyá Dila, oyin ni ó ń sìn jẹun. Ògiri wó, àpótí oyin mẹ́rìnlá fọ́, òkúta já lu ìyá náà, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Oyin tú jáde, wọ́n ta Marash títí ojú rẹ̀ fi wú. Àánú ara rẹ̀ ṣe é gidigidi. Ó tilẹ̀ ń bi àwọn ènìyàn bóyá òun lè pe oyin lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Adájọ́ ní bí wọ́n bá lè parí rẹ̀ nílé, tí Ìyá Dila sì dárí jì í tinútinú, òun yóò pa ìwé ẹjọ́ náà dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n yá. Ni Bàbá Pashk, àgbà tí ó máa ń parí ìjà ní Lugaj, bá pe Marash.

"Gbọ́, ọmọ yìí. Tá a bá délé ìyá yẹn, wọ́n máa gbé kọfí fún wa. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ó dìgbà tó bá sọ gbogbo ohun tó ń dùn ún tán, tó ní òun dárí jì ẹ́, ká tó mu ún."

"Bàbá, ṣé àná ni wọ́n bí mi ni? Ta ni ò mọ̀yẹn lórí òkè yìí?"

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Sùúrù ẹ ni mi ò mọ̀."

Mrika ìyá rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́ nílé. "Marash, jọ̀ọ́, tó bá ń sọ̀rọ̀, tẹ́tí sí i."

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá sorí kọ́, màá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí."

Níwájú dígí ni ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe mí kanlẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́bi tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Marash ní tirẹ̀ rò pé orúnkún nìkan ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ pé. Àgbà márùn-ún jókòó ti Marash nílé Ìyá Dila. Wọ́n gbé kọfí síwájú olúkúlùkù, ó ń rú èéfín, kò sí ẹni tó wò ó. Ìyá Dila gbé apá rẹ̀ kọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mo rò pé òkè ló ya lù mí. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ kan àpótí wọ̀nyẹn kó tó kú. Èmi tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí, ọmọ aládùúgbò ló ń bá mi so ìborí báyìí. Mi ò lè gé búrẹ́dì tí mo fẹ́ jẹ..."

Marash ti mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọtí àná ti gbẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Kọfí ń tutù lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbé ife náà, ó sì fà á mu, fùúù, gbogbo ilé gbọ́.

Bàbá Pashk fi fìlà bo ojú.

Ìyá Dila wo ife náà. "O ti mu ún?"

"Ó ń tutù ni, mà. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹ máa dárí jì mí náà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? O ti fọwọ́ ara ẹ mú ìdáríjì náà, kí lo tún wá ń wá lọ́wọ́ mi?" Ó dìde. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ máa lọ. Mi ò bá yín jà."

Lójú ọ̀nà, Bàbá Pashk kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ó ti sọ fún mi kí n tó mú ẹ wá! Kó o fọwọ́ ara ẹ mọ ògiri yẹn padà, kó o máa bá a tọ́jú oyin títí apá ẹ̀ á fi san. Ohun tó fẹ́ ò ju yẹn lọ. Gbólóhùn méjì ló kù, ìwọ oníjẹkújẹ!"

Adájọ́ sọ Marash sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ. "Torí kọfí?" ni Marash pariwo. "Torí apá ìyá yẹn," ni adájọ́ dá a lóhùn.

Nígbà tí Marash wà lẹ́wọ̀n, Mrika ìyá rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, lọ sí ọgbà Ìyá Dila, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé òkúta. Fún ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Dila kò kí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì jáde, ó jókòó tì í, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mrika gbọ́ ọ dé òpin. Àwọn méjèèjì sunkún, wọ́n sì padà sídìí òkúta.

Marash jáde lẹ́wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n lóòótọ́, ọgbà náà ni ó kọ́kọ́ gbà lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín gbé òkúta."

Ìyá Dila wò ó, kò bínú. "Òkúta ti tán, ọmọ mi. Ìyá ẹ ti gbé e tán."

Marash wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Dila. Ó ti sán káàkiri, èékánná méjì ti ṣí kúrò. Ó bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí adájọ́ tó gbọ́n fi ń jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe eré orí ìtàgé. Bí o bá ba nǹkan onínǹkan jẹ́, jẹ́ kó sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ tán létí rẹ, kí o sì tètè fi ọwọ́ ara rẹ tún un ṣe. Bí o bá pẹ́, ẹni tí kò ṣẹ̀ lè bá ọ tún un ṣe tán, kò sì ní sí ohun tí ìwọ yóò fi tún orúkọ ara rẹ ṣe mọ́.