Bàtà Orí Igi Ìdáná

"Ẹ yára, ẹ̀yin ará! Oòrùn ò ní dúró dè wá o."

Nọ́ọ̀sì ò lè dúró lójú kan. Òun ló kó àwọn ọmọ ìjọ jáde wá ṣa pàǹtí lẹ́bàá títì Ìgbòho, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán ń dúró dè é ní ọsibítù. Ó ń ṣa ọ̀rá, ó ń ṣa agolo, títí ó fi dé ìdí òkìtì igi ìdáná kan. Wọ́n fi àkísà pupa so ògbólógbòó bàtà mọ́ ọn lórí.

Dáníẹ́lì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ, fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Àálè nìyẹn. Ẹni tó ni igi ló fi ń lé olè."

"Àálè wo? Bàtà jíjá ni mo rí." Ó já a, ó sọ ọ́ sínú iná tí wọ́n fi ń sun ìdọ̀tí. "Iná yìí sì ń kú lọ. Ẹ kó igi náà sí i."

Igi ti ń jó geere nígbà tí ohùn kan dún lẹ́yìn wọn.

"Ta ló já àálè mi?"

Nọ́ọ̀sì yíjú padà. Ìyá rẹ̀ ni, òṣùká lọ́wọ́.

"Màámi, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Òṣùká bọ́ sílẹ̀. "Hàà! Mo ti gbàdúrà lé e lórí o. Mo ní ẹsẹ̀ ẹni tó bá já a kò ní gbé e délé."

Nọ́ọ̀sì tó ti ń sáré láti àárọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè gbé e.

Ìyá tú ìborùn. Ó kẹ́yìn sí ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ìjọ.

"Ó yá, wá, jẹ́ n pọ̀n ọ́ délé."