Orin Tí Atẹdùrù Gbọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà

Nígbà tí Baba Onígìtá ránṣẹ́ pe Atẹdùrù, kò yà á lẹ́nu. Ó ti ń retí ìpè náà látìgbà tí àwo orin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde.

Orin rọ́ọ̀kì ni ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì ń ṣe, irú èyí tí orin kan ṣoṣo lè gba ojú àwo kan tán. Ẹgbẹ́ Baba Onígìtá ló ṣáájú, wọ́n sì ti túká. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa orin lórí rédíò ní orin gígùn tí Atẹdùrù ṣe fara jọ tiwọn.

"Ibi tí orin Baba Onígìtá bá ti ń gòkè, ibẹ̀ ni tiwọn ti ń sọ̀ kalẹ̀," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí àbúrò kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Atẹdùrù ń yangàn. Òun ń wo bàtà rẹ̀.

Ó mọ̀ pé olè ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń dúró de wákàtí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sitúdíò tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ò pa dé tán. Gìtá Baba Onígìtá fara ti ògiri nínú, ọ̀gá sitúdíò sì gbé téèpù kan sórí ẹ̀rọ. Ohùn orin kan jáde, ó rìn bí ẹni ń wá ọ̀nà ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á. Atẹdùrù gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin sábẹ́ abíyá, ó tẹ̀ ẹ́ lórí dùrù fún ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ.

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Nínú orí mi ni."

"Ó dà bí ohun tí mo mọ̀. Àbí orí ẹ àti orí mi ti di ọ̀kan ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Atẹdùrù pa dùrù dé. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣe orin rí ní sitúdíò yẹn kan náà, kí ọmọ tó dé, obìnrin náà sì létí orin.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọkọ rẹ̀ jẹ́wọ́ fún un.

"Olè orin, olè náà ni," ó ní. "Lọ bá ọkùnrin yẹn. Má jẹ́ kí n fi ìtìjú ẹ sílẹ̀ sáyé."

Atẹdùrù ṣèlérí. Obìnrin náà kú, ó sin ín, kò sì lọ. Gbogbo ìgbà tó bá múra, ojú á tì í títí dé ẹnu géètì, á padà wọlé.

Àfi ìgbà tí wọ́n wá pè é yìí.

Baba Onígìtá ti darúgbó. Ó ń bu tíì, ó sì ń dà sórí tábìlì. Kò wo ojú àlejò rẹ̀.

"Jókòó, àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi." Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Baba Onígìtá gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

"Orin tèmi kẹ̀? Téèpù tèmi kọ́ nìyẹn o. Mo kàn gbé e dání ni." Ó nu tábìlì, ó tún un nù. "O rò pé mo fẹ́ bá ẹ jà? Ohun tí mo fi pè ẹ́ ni pé gbogbo ayé ń sọ pé ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò lè gbé irọ́ yẹn wọ sàréè. Àwọn kan ti lo sitúdíò yẹn ṣáájú wa, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá sitúdíò fẹ́ pa ohùn wọn rẹ́, kó fi téèpù náà gba ohùn ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi. Orin tí wọ́n fi mọ̀ mí láyé yìí, inú ẹ̀ ni mo ti fà á yọ."

"Ta ni wọ́n?"

"Mi ò béèrè. Ẹni tó bá béèrè, á di dandan kó dá a padà."

Ó lọ gbé ẹ̀rọ àti téèpù wá láti yàrá. Ó fi téèpù náà sí ẹ̀rọ. Orin náà jáde.

"Òun nìyẹn!" ni Atẹdùrù wí.

Baba Onígìtá pa ẹ̀rọ náà. "Àṣìṣe ni, mi ò kọ́kọ́ yí i. Wọn kì í yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ní sitúdíò. Ìparí orin ló máa ń wà lóde. Tí o ò bá kọ́kọ́ yí i, ẹ̀yìn lorin á ti máa bọ̀ wá síwájú. Ọ̀gá sitúdíò ló gbàgbé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ò ń wí." Ó mi orí. "Áà, àbúrò! Èmi jí i láti orí, ìwọ jí i láti ìdí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín ò ṣeé rín mọ́.

"Ó kéré tán, ká wá wọn rí," ni Atẹdùrù wí. "Ká bẹ̀ wọ́n."

"Ẹnì kan sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bóyá wàá dá ohùn náà mọ̀."

Baba Onígìtá yí téèpù náà padà títí dé orí, ó sì tẹ ẹ̀rọ.

Obìnrin kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ mi, má sáré tẹ̀ ẹ́ o, ìwọ lo ni orin, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ," Atẹdùrù sì dìde dúró, nítorí látìgbà tó ti sin ìyàwó rẹ̀, kò tíì tún gbọ́ ohùn yẹn.