Àsíá Ní Kọ́nà Ejò

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí èmi àti Bàbá Làmídì gbá yanrìn tán ní Kọ́nà Ejò, níbi tí ọkọ̀ eré ìje ti máa ń takìtì. Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo wá ń fi àsíá tá a fi ń pe àwọn awakọ̀ lé ẹ̀fọn.

Ẹ́ńjìnnì kan dáhùn lókèèrè. Ọkọ̀ kankan ò sì sí níbẹ̀.

“Ṣé mi ò ní kó o ká àsíá yẹn ni?” Bàbá Làmídì mí kanlẹ̀. “Máa fì í lọ. Ibi tí àsíá bá ti wálẹ̀ ni ohun tó ń bọ̀ yẹn máa dúró sí.”

Ariwo náà kọjá lára wa, atẹ́gùn rẹ̀ gbóná. Ó tún yí bọ̀. Mo fì àsíá náà títí apá mi fi rọ jọwọrọ, ló bá já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ariwo dákẹ́ lẹ́yìn wa. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí.