Ìwé Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ẹni Tó Parí Rẹ̀

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ ìwé. Gbogbo ẹyìn tó fi pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn ló fi sanwó ìtẹ̀wé rẹ̀. Òkété àti Ọ̀bọ na ọwọ́: "Ọ̀rẹ́ kì í gbowó ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́!" Ó fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fún Ewúrẹ́ náà. Nígbà tó yá, Òkété àti Ọ̀bọ ní, "A ti kà á tán, ó dùn bí oyin!"

Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn, ó dá orin, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbè é:

"Ta ló kàwé mi?"
"Jóńjò!"
"Ta ló kà á tán?"
"Jóńjò!"
"Báwo ló ṣe parí?"

Ni Òkété bá wọ ihò, Ọ̀bọ ń họra. Ewúrẹ́, tí àjákù bébà ṣì wà létè rẹ̀, gùfẹ̀, ó ní:

"Ọ̀gá òǹkọ̀wé, èmi parí tèmi, mo sì bá wọn parí tiwọn. Páálí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló le díẹ̀. Ìgbà wo lẹ máa tẹ òmíràn?"