Báírò Pupa

"Dúró kí n parí," ni tíṣà tó ti fẹ̀yìntì náà wí fún akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Ó gbé ìwé òfin ilẹ̀ wa sókè. "Ìpín kejìlélógójì ni mo ń kà. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ajílẹ̀ dù mí nítorí pé ẹgbẹ́ mi kò wọlé ìbò."

Láti Fìdítì ló ti ń há a sórí nínú mọ́tò, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó tì í fi ṣe àmín.

"Bàbá, orúkọ yín wà níbí. Àpò méjì."

"Tún un wò dáadáa."

"Alága tuntun ní ká má yọ ẹnikẹ́ni nítorí ẹgbẹ́. Ìwé orúkọ àtijọ́ náà la ń lò, bó ṣe wà. Ẹ wá fọwọ́ sí i."

Ó dun tíṣà díẹ̀ pé wọn kò fìyà jẹ òun. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀, èyí tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n. Nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ wà lórí àlééfà ló kọ ìwé náà. Òun náà ló fi báírò pupa fagi lé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì. Rúlà ló lò, kí ìlà má baà wọ́.

Ẹnìkan rọra fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Fátọ́kẹ́ ni, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá fún un láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

"Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ bá wa jà. Ẹ bá mi wo tèmi náà."

Tíṣà gbé ìwé òfin lé ìlà pupa tó wà lórí orúkọ obìnrin náà.