Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Nítorí Bọ́ọ̀lù

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé sí ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìkìrun láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n kan èèkàn mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí àgbàlá Láníkẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ọkọ rẹ̀, Ọláwuyì. Láníkẹ́ fún wọn lómi mu.

Àwọn ọmọ agbègbè náà tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ló fẹ́ kọ́ pápá ìṣeré ńlá kan. Ìkìrun ń fẹ́ ẹ, Ìnísà ń fẹ́ ẹ. Kó má baà di ìjà, wọ́n ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú méjèèjì pàdé ní Òkukù lọ́jọ́ Sátidé. Ìlú tó bá borí ló ni pápá; tó bá jẹ́ Ìkìrun, ibi tí wọ́n kan èèkàn sí yẹn ni wọ́n máa kọ́ ọ sí.

Bọ́sẹ̀dé aránṣọ, aládùúgbò wọn, wá bá Láníkẹ́ yọ̀.

"Ìyá Jùwọ́n, ilé alámọ̀ yìí ti ń dágbére o. Tí wọ́n bá kó yín dé ilé tuntun, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí."

Láníkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ń sá aṣọ sórí ibojì náà, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi gún.

Olúwajùwọ́n, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àgbàlá yẹn ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Ó ní bí àwọn bá borí, bàbá òun lòun borí fún.

"Màmi, ẹ bá mi gbàdúrà sí i."

"Mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni."

Ìròyìn ààwẹ̀ náà tàn kálẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù sọ fáwọn ọmọ náà pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé Aládùúrà tó bá fi ebi sin Ọlọ́run kì í pàdánù.

Lọ́jọ́ Sátidé, Láníkẹ́ bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Ètè rẹ̀ ń mì títí wọ́n fi dé.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ọ̀kan sí ọ̀kan ni, nígbà tí Ìkìrun rí pẹ́náritì gbà. Olúwajùwọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n!" ni ará Ìnísà kan wí. "Ẹ bá a wá àga!"

Àwọn ará Ìkìrun kò wo ọmọ náà. Láníkẹ́ ni wọ́n ń wò. Ó ti dijú.

Bọ́ọ̀lù náà ba igi òkè, ó ta padà. Àwọn ọmọ Ìnísà gbé e sáré, wọ́n sì gbá a wọlé lódìkejì. Fèrè dún.

Ìnísà ni ọ̀nà ilé gbà. Àwọn èèyàn ti ń jó lẹ́bàá títì. Nínú bọ́ọ̀sì, Olúwajùwọ́n, ọmọ tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, gbé orí lé itan rẹ̀.

"Màmi, bàbá mi ni mo já kulẹ̀."

Láníkẹ́ fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú ọmọ náà. Ó ń fọwọ́ pa á lórí títí wọ́n fi dé Ìkìrun.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì dojú kọ ògiri nílé láìjẹun, Láníkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó tan àbẹ́là méje, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé bọ́ọ̀lù náà kò wọlé.